Kí Ni Ó Ń Pinnu Ibi Tí Ẹlẹ́sẹ̀ Ti Ń Sọdá Títì?

Ọ̀rọ̀ sísọdá títì dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọmọdé ń sọdá, àgbà ń sọdá, kò sì wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni jókòó ro ìdí tí ó fi jẹ́ pé ìdí igi kan báyìí, tàbí ẹnu ọ̀nà oko kan báyìí, ni òun ti máa ń sọdá lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tí ó yí Ìbàdàn ká, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ní Akínyẹlé, lójú ọ̀nà Ìwó ní Lágelú, lójú òpópónà tí ó ti Ìbàdàn gba Ẹgbẹ́dá kọjá lọ sí Aṣèjirè àti Ifẹ̀, àti lójú ọ̀nà Akànrán ní Ọ̀nà-Àrà, títì ọlọ́dà ni ó wà láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn àti oko wọn, láàárín ọmọ àti ilé ìwé rẹ̀, láàárín ìyàwó ilé àti ọjà, àti láàárín ọmọ ìjọ àti ilé ìsìn.

Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2023, a kà á pé nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 1.19 ni ìjàǹbá ojú pópó pa káàkiri ayé ní ọdún 2021. Àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn ju ìdá kan nínú márùn-ún wọn lọ. Àwọn wọ̀nyí kò wa ọkọ̀, wọn kò sì wọ ọkọ̀. Wọ́n kàn fẹ́ dé òdìkejì ni.

Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa, ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé olóògbé náà kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, a ó rí i pé kí ènìyàn tó dé etí títì rárá, ọ̀pọ̀ nǹkan ti bá a yan ibi tí yóò ti sọdá: ọ̀nà tí àwọn baba rẹ̀ là, ibi tí awakọ̀ já a sílẹ̀, ẹrù tí ó wà lórí rẹ̀, àti ojú rẹ̀ tí ó lè tan án jẹ. Bí a bá mọ àwọn nǹkan wọ̀nyí, a ó mọ ohun tí a lè yí padà.

Ọ̀nà oko ti wà kí títì tó dé

Gbogbo wa mọ̀ pé ibùdó ogun ni Ìbàdàn nígbà tí àwọn jagunjagun tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ilé nínú ìlú, wọ́n sì ní oko àti abà yí ìlú ká. Láti ìgbà náà ni ìran dé ìran ti ń ti ilé lọ sí oko, tí wọ́n sì ń ti oko bọ̀ wálé. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi la àwọn ọ̀nà wọ̀nyí. Ọ̀nà odò wà, ọ̀nà ọjà wà, ọ̀nà abà kan sí abà kejì sì wà pẹ̀lú.

Nígbà tí títì ọkọ̀ dé lẹ́yìn náà, àwọn tí ó ṣe é fẹ́ kí ó tọ́ gbọọrọ láti ìlú ńlá kan sí òmíràn. Bí títì bá pàdé ọ̀nà oko, ó gé e sí méjì ni, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà oko kò kú. Ẹ rin ẹ̀gbẹ́ títì èyíkéyìí ní agbègbè wa, ẹ ó rí ibi tí koríko ti pá ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí ọ̀nà tóóró kan jáde láti inú igbó, tí èkejì rẹ̀ sì wọ inú igbó lọ ní ọ̀kánkán. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọdá. Ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀dà kun ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì fi àmì síbẹ̀, síbẹ̀ gbogbo abúlé mọ̀ ọ́n.

Orúkọ àwọn ibùdókọ̀ wa pàápàá ń jẹ́rìí sí i. Ìyànà ni à ń pe ibi tí ọ̀nà kan ti yà kúrò lára òmíràn. A ní Ìyànà Ọ̀fà, tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, a sì ní Ìyànà Ṣọ́ọ̀ṣì ní ojú ọ̀nà Ìwó. Nígbà tí a bá pe ibì kan ní ìyànà, a ń sọ pé ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń fi títì sílẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ń lọ. Níbi tí wọ́n bá sì ti ń fi títì sílẹ̀, apá kan wọn gbọ́dọ̀ sọdá.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó la ọ̀nà oko kò ro ti ọkọ̀ mọ́ ọn. Ó lè jẹ́ pé ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà náà ti jáde, tàbí ní kọ́nà tí awakọ̀ kò ti lè rí iwájú, tàbí ní ẹsẹ̀ afárá kékeré tí kò ní ẹ̀gbẹ́ tí ènìyàn lè dúró sí. Ibi tí ó súnmọ́ jù fún ẹsẹ̀ lè jẹ́ ibi tí ó burú jù fún ojú.

Nígbà tí títì bá di tuntun

Ọ̀nà tí ó bá kún fún kòtò ń dá ọkọ̀ dúró fúnra rẹ̀. Ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, awakọ̀ ń yà fún kòtò síhìn-ín, ó ń yà fún kòtò sọ́hùn-ún, àwọn ará abúlé sì ń sọdá bí ó ti wù wọ́n. Bí ìjọba bá tún un ṣe, inú gbogbo ènìyàn á dùn, ó sì yẹ kí inú wa dùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, ọkọ̀ yóò máa sáré, nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń sọdá ní ibi tí wọ́n ti ń sọdá látẹ̀yìnwá, pẹ̀lú ìṣirò àtijọ́ lórí wọn.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí agbègbè wa kíyè sára ní àsìkò yìí gan-an. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti tún ọ̀nà Mọníyà sí Ìjàyè sí Ìsẹ́yìn ṣe, èyí tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 65. Ọ̀nà àyíká Ìbàdàn, tí wọ́n fi orúkọ Rashidi Ladoja sọ, ni wọ́n pinnu pé yóò gùn tó kìlómítà 110, ilẹ̀ oko ni ó sì ń gbà kọjá ní ọ̀pọ̀ ibi. Ojú irin tuntun láti Èkó náà, tí ó gùn tó kìlómítà 157, parí sí ibùdó tí a fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ní Mọníyà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i. Àwọn ará Lálúpọn, tí ojú irin àtijọ́ tí ó lọ sí Òṣogbo kọjá lọ́dọ̀ wọn, ti mọ̀ tipẹ́ pé ọkọ̀ ojú irin kì í yà fún ènìyàn, kò sì lè dúró lójijì. Níbi tí wọ́n bá ti ṣe afárá tàbí ọ̀nà ìsọdá sí ojú irin, ibẹ̀ nìkan ni kí a máa gbà, bí ó tilẹ̀ jìnnà.

Ibi tí ọkọ̀ bá ti já wa sílẹ̀

Lóde òní, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fi ẹsẹ̀ dé títì; Micra, kẹ̀kẹ́ márúwá tàbí ọ̀kadà ni ó ń gbé wa dé ibẹ̀. Èrò á kígbe pé "Ó wà o!", awakọ̀ á sì tẹ bíréèkì níbikíbi tí igbe náà bá ti bá a. Ibi tí ó bá dúró sí ni èrò yóò ti sọdá, nítorí pé ó ṣòro kí ẹni tí ó ti dé ọ̀kánkán ilé rẹ̀ tún rin ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ padà sẹ́yìn kí ó lè sọdá níbi tí ó dára. Nípa bẹ́ẹ̀, awakọ̀ àti èrò ni wọ́n jọ yan ibi ìsọdá, láìrò ó tẹ́lẹ̀.

Ewu tí ó tóbi jù níhìn-ín ni ọkọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá sọ̀ kalẹ̀ tí ó sì gba iwájú ọkọ̀ náà bọ́ sójú títì, kò lè rí ọkọ̀ tí ó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn tí ó fẹ́ yà á sílẹ̀, awakọ̀ ọkọ̀ ẹ̀yìn náà kò sì lè rí i. Bákan náà ni ó rí fún ẹni tí ó gba ẹ̀yìn ọkọ̀, nítorí pé kò lè rí èyí tí ń bọ̀ láti òdìkejì. Ohun tí ó dára jù ni pé kí a dúró sí etí títì títí ọkọ̀ tí ó gbé wa yóò fi lọ, kí iwájú àti ẹ̀yìn mọ́ kedere, kí a tó gbé ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kò níí gbà.

Ìṣirò tí ojú ń ṣe

Ẹ jẹ́ kí a wá sí orí bí ènìyàn ṣe ń pinnu pé "mo lè sọdá báyìí". Àwọn onímọ̀ tí ó ti ṣe ìwádìí lórí èyí ní àwọn ilẹ̀ mìíràn rí i pé jíjìnnà ọkọ̀ ni ojú wa máa ń wò jù, pé a kì í fi bẹ́ẹ̀ ka eré tí ó ń sá. Bí ọkọ̀ bá jìnnà, a ó sọdá. Bí ó bá súnmọ́, a ó dúró. Èyí tọ́ bí gbogbo ọkọ̀ bá ń sá eré kan náà. Ní òpópónà márosẹ̀, wọn kì í sá eré kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi òpó iná ṣe òṣùwọ̀n. Ká sọ pé mítà 50 ni ó wà láàárín òpó kan sí èkejì. Títì tí ọkọ̀ ń lọ tí ọkọ̀ sì ń bọ̀ lórí rẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ tó mítà 7. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, tí kò ru nǹkan kan, yóò lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 6 láti sọdá rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 6 yìí:

- Ọkọ̀ tí ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan yóò ti rin mítà 100, ìyẹn àlàfo òpó iná méjì.
- Ọkọ̀ tí ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan yóò ti rin nǹkan bí mítà 167, èyí tí ó ju àlàfo òpó iná mẹ́ta lọ.

Nítorí náà, ẹni tí ó ti mọ́ lára láti sọdá nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní òpó iná kẹta yóò dé òdìkejì ní àlàáfíà bí ọkọ̀ náà bá ń rọra bọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé eré àsápajúdé ni ó ń sá, yóò bá a lójú títì. Ọ̀nà kan náà ni, òpó iná kan náà ni, ènìyàn kan náà ni. Eré ọkọ̀ nìkan ni ó yàtọ̀.

A kò sì gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé bíréèkì awakọ̀. Ìwé òfin ìrìnnà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ awakọ̀ pé ọkọ̀ tí ń sá nǹkan bí kìlómítà 48 ní wákàtí kan nílò mítà 23 kí ó tó dúró, tí èyí tí ń sá nǹkan bí kìlómítà 96 sì nílò mítà 73. Ìyẹn jẹ́ lórí títì gbígbẹ, pẹ̀lú bíréèkì tí ó dára. Bí òjò bá rọ̀, yóò tó ìlọ́po méjì. Ẹ ro ti ọkọ̀ tí ó kó pákó, tí táyà rẹ̀ ti jẹ, lẹ́yìn òjò oṣù kẹsàn-án.

Àjọ Ìlera Àgbáyé tún sọ pé bí ìwọ̀n eré ọkọ̀ ojú ọ̀nà bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ewu ìjàǹbá tí ń pa ènìyàn ń fi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Bákan náà, bí eré ọkọ̀ tí ó gbá ẹlẹ́sẹ̀ bá kúrò ní kìlómítà 50 tí ó di 65, ewu pé ẹni náà yóò kú ń di ìlọ́po mẹ́rin àti ààbọ̀.

Apá ibo ni kí a kọ́kọ́ wò?

Ní Nàìjíríà, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wa ọkọ̀ sí tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ìjọba yí i padà sí ọwọ́ ọ̀tún. Kí ọjọ́ náà tó dé, apá ọ̀tún ni ọkọ̀ tí ó súnmọ́ ẹlẹ́sẹ̀ jù ti ń wá. Láti ọjọ́ náà, apá òsì ni. Nítorí náà, òsì ni kí a kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ọ̀tún, kí a sì tún wo òsì lẹ́ẹ̀kan sí i kí a tó gbé ẹsẹ̀. Bí a bá wà láàárín títì, ọ̀tún ni ewu kù sí.

Àwọn ọlọ́kadà tí ń gba ọ̀nà tí kì í ṣe tiwọn ti sọ òfin yìí di aláìtó ní òpópónà tí a pín sí méjì. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ọkọ̀ ti wá, apá méjèèjì ni kí a wò.

Ọmọdé, arúgbó, àti ẹni tí ó ru ẹrù

Ìṣirò tí a ṣe lókè yìí, ti ẹni tí ara rẹ̀ le ni. Ìyá àgbà tí ń fi ọ̀pá rìn lè lo ìṣẹ́jú àáyá 9 lórí títì kan náà. Láàárín àkókò náà, ọkọ̀ tí ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan yóò ti rin mítà 250, ìyẹn àlàfo òpó iná márùn-ún. Ọ̀pọ̀ ibi ìsọdá wa kò sí èyí tí a ti lè rí òpó iná márùn-ún ní apá méjèèjì. Nípa bẹ́ẹ̀, ibi tí ó dára tó fún ọmọ ọgbọ̀n ọdún lè jẹ́ ibi tí kò yẹ kí ìyá rẹ̀ ti sọdá rárá.

Ẹni tí ó ru apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ tàbí igi ìdáná sórí kò lè yí ọrùn kíákíá. Kí ó tó wo apá kan, gbogbo ara rẹ̀ ni yóò yí. Bí ó bá pọn ọmọ mọ́ ọn, tí ó sì ti rìn láti oko, ohun tí ó ń wá ni ibi tí kò ní òkè, tí kò ní gọ́tà, tí yóò gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí ni ó fi máa ń yan ibi tí títì bá ilẹ̀ dọ́gba, yálà a lè rí ọkọ̀ níbẹ̀ tàbí a kò lè rí i.

Ní ti ọmọdé, ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù gbé jáde ní ọdún 2011 yẹ kí gbogbo òbí gbọ́ nípa rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń bọ̀, ó ń tóbi sí i lójú wa. Bí ó ṣe ń tóbi yẹn ni ó ń sọ fún wa pé ó ń súnmọ́. Àwọn onímọ̀ náà rí i pé ojú àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò tíì dàgbà tó láti mọ èyí dáadáa bí ọkọ̀ bá ń sá ju nǹkan bí kìlómítà 32 ní wákàtí kan lọ. Lójú ọmọ náà, ó lè dà bí ẹni pé ọkọ̀ náà dúró sójú kan. Nítorí náà, bí ọmọ bá wo ọ̀tún tí ó wo òsì, tí ó sì tún kó sábẹ́ ọkọ̀, ó lè jẹ́ pé kò ṣe àìgbọràn rárá. Ó wò ó, kò rí i bí àgbà ṣe ń rí i. Ẹ̀kọ́ nìkan kò tó fún un; ọwọ́ àgbà ni ó nílò.

Bí ọ̀pọ̀ bá jọ ń sọdá

Ènìyàn kì í dá ìpinnu yìí ṣe nígbà gbogbo. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jáde ní ọdún 2010, fi hàn pé bí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá, ó rọrùn kí àwa náà gbé ẹsẹ̀, ní ìlọ́po kan ààbọ̀ sí méjì ààbọ̀ ju ti ìgbà tí kò sí ẹni tí ó ṣáájú wa lọ. Ẹni iwájú wo ọ̀nà fún ara rẹ̀. Ẹni ẹ̀yìn ń wo ẹni iwájú. Àyè tí ó tó fún ẹni àkọ́kọ́ lè má tó fún ẹni kẹrin.

Èyí kan àwọn ìjọ tí ilé ìsìn wọn wà lẹ́bàá títì. Nígbà tí ìsìn bá parí, ogúnlọ́gọ̀ ènìyàn á jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọkàn gbogbo wọn á sì balẹ̀ nítorí pé wọ́n pọ̀.

Ìdúró pípẹ́ náà ń yí ìpinnu padà. Bí ọkọ̀ kò bá dáwọ́ dúró, sùúrù ẹni tí ń dúró á máa tán, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba àyè tí kò jẹ́ gbà nígbà tí ó kọ́kọ́ débẹ̀. Àwọn àgbà wa sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ibi ìsọdá kan bá ń gba sùúrù gbogbo ènìyàn lójoojúmọ́, ibi náà gan-an ni ó nílò àtúnṣe.

Ní òru

Ẹni tí ó wà nínú òkùnkùn rí iná ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó sì rò pé awakọ̀ náà rí òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó wọ aṣọ dúdú lè má hàn sí awakọ̀ títí ọkọ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Aṣọ funfun sàn jù. Aṣọ tí ó ní ìlà tí ń tan iná padà ni ó dára jù lọ, nítorí pé ìwé òfin ìrìnnà tí a mẹ́nu kàn lókè sọ pé awakọ̀ tí ó tan iná lè rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ láti ibi tí ó jìnnà tó ìlọ́po mẹ́ta. Ní ọ̀nà wa, ohun mìíràn tún wà: iná kan ṣoṣo tí ó ń bọ̀ lókèèrè lè má jẹ́ ọ̀kadà. Ó lè jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tí iná rẹ̀ kejì ti kú.

Ìdí tí wọn kì í fi í gba orí afárá

Ní Èkó, ìjọba ti mú àwọn tí ó kọ̀ láti gba orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. A máa ń pe irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́sẹ̀ ń fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí yóò lò nílẹ̀ wé àkàsọ̀ tí yóò gùn, tí yóò sì tún sọ̀. Bí afárá bá jìnnà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí ó ru ẹrù, tàbí tí ẹ̀rù àwọn jàǹdùkú ń bà á lórí rẹ̀ lálẹ́, ilẹ̀ ni yóò gbà. Ó yẹ kí a gba orí afárá níbi tí ó bá wà. Ó sì yẹ kí àwọn tí ń kọ́ ọ gbé e sí ojú ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ti ń rìn tẹ́lẹ̀, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ará abúlé kí wọ́n tó ri òpó rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa

Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1988, kò lè dúró sí ẹnu gbogbo ọ̀nà oko. Àwọn nǹkan kan wà tí abúlé àti ìjọ lè ṣe fúnra wọn.

1. Ẹ lọ wo ibi tí àwọn ènìyàn yín ti ń sọdá. Ẹ dúró síbẹ̀, kí ẹ ka òpó iná tí ẹ lè rí ní apá òsì àti ọ̀tún. Bí kò bá pé mẹ́rin ní apá kan, ẹ wá ibòmíràn tí ó súnmọ́. Nígbà mìíràn, ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ kúrò ní kọ́nà ti tó.

2. Ẹ la ọ̀nà tuntun dé ibẹ̀. Bí a kàn sọ fún ènìyàn pé kí ó lọ sọdá níbòmíràn, kò níí lọ. Bí ọ̀nà tí a ṣán, tí kò ní ẹrẹ̀, bá gbé e débẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e.

3. Ẹ fi iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ ṣán igbó etí títì, pàápàá ní àsìkò òjò. Àdá àti ọjọ́ Sátidé kan lè fi kún ohun tí awakọ̀ àti ẹlẹ́sẹ̀ lè rí.

4. Ẹ bá àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ àti ọlọ́kadà sọ̀rọ̀ kí wọ́n fẹnu kò sí ibì kan pàtó tí wọn yóò ti máa já èrò sílẹ̀, tí yóò wà nítòsí ibi ìsọdá tí ó dára.

5. Kí ìjọ tí ó wà lẹ́bàá títì yan àwọn àgbà méjì tàbí mẹ́ta tí yóò dúró sí etí títì nígbà tí ìsìn bá parí, tí yóò máa mú àwọn ọmọdé àti arúgbó sọdá. Bí ẹnu ọ̀nà kejì bá wà tí kò kọjú sí títì, kí wọ́n ṣí i. Bí ìṣọ́ òru bá wà, ó sàn kí ó parí nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ ju kí a tú ènìyàn sójú títì ní aago mẹ́rin òru.

6. Kí baálẹ̀ àti àwọn olórí ìjọ jọ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ àti sí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó nípa àmì, ìlà ìsọdá àti ohun tí yóò dín eré ọkọ̀ kù. Ẹ kọ orúkọ ibẹ̀, iye ènìyàn tí ẹ kà pé ó ń sọdá ní òwúrọ̀ kan, àti iye tí ó jẹ́ ọmọ ilé ìwé. Lẹ́yìn ìjàǹbá, àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń fi ìbínú kó òkúta àti amọ̀ sójú títì láti fi ṣe bọ́ǹpù. Èyí tí kò ní àmì lè pa ọlọ́kadà ní òru kan náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ṣe é.

Àwọn tí ó la ọ̀nà oko wa ṣe é dáadáa fún ìgbà tiwọn, nígbà tí kò sí ohun tí ń sáré lójú ọ̀nà ju ẹṣin lọ. Ọkọ̀ ti dé, títì sì ń pọ̀ sí i. Ó kù sí ọwọ́ wa láti tún ẹnu àwọn ọ̀nà náà yàn. A lè bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi tí ń bọ̀ yìí: kí ẹni méjì dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì lẹ́yìn ìsìn, kí wọ́n wo ibi tí àwọn ènìyàn wa ti ń sọdá, kí wọ́n sì ka òpó iná.